Áàpù fóònù, tuner àhámọ́ tàbí tuning fork: èwo ni kí olórin Ìbàdàn rà?

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan ní ìjọ wa lápá Mọ́kọ́lá, gìtá àti kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í jà látorí orin àkọ́kọ́. Onígìtá wa kò ṣi kọ́ọ̀dù mú o. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára wọn mu, tuner, ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ohùn okùn tọ́, tó há mọ́ orí gìtá sì ń tan iná gíríìnì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí òun àti kíbọ́ọ̀dù bá pàdé lórí nóòtì kan, ohùn á máa mì bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ìyá kan nínú àwọn akọrin kàn gbójú sókè, ó ń wo àjà. Lẹ́yìn ìsìn ni a gba tuner náà wò dáadáa: 435 ló wà ní igun ojú rẹ̀. Ọmọ kan ti fi bọ́tìnnì rẹ̀ ṣeré.

Ẹni tó bá ti ra ẹ̀wà rí ní Bódìjà, ọ̀rọ̀ yìí á yé e. Kóńgò ni tuner. Ẹ lè wọn ẹ̀wà yín bó ṣe yẹ, bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kóńgò wọlé, ẹ ti jẹ gbèsè. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ mọ kóńgò tí ẹ̀rọ náà ń lò.

Kóńgò tí gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò sí ni 440. Ohun tó túmọ̀ sí nìyí. Ohùn jẹ́ ìgbọ̀n. Okùn karùn-ún gìtá, tí à ń pe ohùn rẹ̀ ní A, ń gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye ìgbọ̀n yìí là ń pè ní hertz, tí a ń kọ ní Hz. Bí ẹ bá tẹ okùn náà ní ìdajì gígùn rẹ̀, ó di 220, etí wa á sì tún pè é ní A, àfi pé ó ga sí i. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di 440, ìyẹn A tó wà lókè dò (C) àárín kíbọ́ọ̀dù. Láti A kan dé A kejì, ìṣísẹ̀ 12 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìlọ́po 1.0595 ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni dò àárín ti rí 261.63 Hz rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan tún pín sí sẹ́ǹtì 100. Gìtá wa tó wà ní 435 fi nǹkan bí 20 sẹ́ǹtì relẹ̀ ju kíbọ́ọ̀dù lọ. Ìwọ̀nba yẹn náà ló lé ìyá yẹn wo àjà.

Ẹnikẹ́ni ò bá 440 nínú igbó. Àwọn èèyàn ló jókòó fẹnu kò. Ilẹ̀ Faransé fi 435 ṣe òfin ní 1859. Ìpàdé kan ní London ní 1939 mú 440. Àjọ ISO, tó ń ṣètò òṣùwọ̀n káàkiri àgbáyé, wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1955. Títí di òní, àwọn ẹgbẹ́ olórin kan ní Yúróòpù ń lo 442, àwọn tó ń ṣe orin àtijọ́ ibẹ̀ sì sábà máa ń lo 415. Ní ti 432 tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń wo àìsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó yín ra bátìrì.

Ìyáàlù dùndún kò bá wa dá sí gbogbo èyí. Ẹ rántí bí tíṣà ṣe fi dò, re, mí kọ́ wa ní àmì ohùn. Bàbá arúgbó àti ọmọ ọdún mẹ́ta lè pe “ọkọ̀” àti “ọkọ́” kó sì yé wa, bí ohùn ọmọ náà tilẹ̀ ga fíofío. Àlàfo tó wà láàárín ohùn là ń gbọ́, kì í ṣe iye Hz. Onílù á fún ọṣán, á tẹ́tí sí akọrin, ó parí. Kíbọ́ọ̀dù ló kó wa sí wàhálà, torí kò ní ọṣán.

Ó yá, ká wá sí ọjà.

Áàpù orí fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀fẹ́. Nínú yàrá tó dákẹ́, kò sí ohun tí tuner olówó gọbọi máa ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá tí áàpù kò ní ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé gbohùngbohùn fóònù ló fi ń gbọ́. Jẹ́ kí NEPA mú iná lọ kí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí onílù máa gbá ìlù rẹ̀ wò, ẹ ó rí i bí àmì náà á ṣe máa sá kiri láti E sí G.

Tuner àhámọ́ kò ní wàhálà yẹn. Ìgbọ̀n igi gìtá fúnra rẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe ariwo inú afẹ́fẹ́. Òun ni èmi máa rà bí mo bá ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde àríyá. Ẹ wo bóyá ẹnu rẹ̀ le dáadáa, bóyá ojú rẹ̀ hàn nínú oòrùn, àti bóyá ó ń fi nọ́ńbà A hàn yín. Èyí tí kì í fi nọ́ńbà hàn, ẹ fi sílẹ̀. Ọlọ́run mọ ìgbà tí ọwọ́ ọmọ máa kàn án.

Èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wà fún oníṣẹ́ orin: wáyà ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń pa gìtá lẹ́nu mọ́ nígbà tí ẹ bá ń yí okùn. Ó wọ́n jù fún akẹ́kọ̀ọ́.

Tuning fork, irin ẹlẹ́nu méjì bíi fọ́ọ̀kì tó ń dún ní ohùn kan ṣoṣo bí a bá lù ú, ni mo fẹ́ràn jù, kò lo bátìrì, kò sì ní bọ́tìnnì tí ọmọ máa tẹ̀. Ẹ lù ú mọ́ orúnkún, má ṣe mọ́ irin, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ ti ara gìtá. Ẹ wá fi ìka kan okùn karùn-ún fẹ́rẹ́ lókè irin karùn-ún tó wà lọ́rùn gìtá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ ta á, kí ẹ gbé ìka kúrò. 440 ló yẹ kó dún, torí 110 lọ́nà mẹ́rin ni. Bó bá jẹ́ 438, ẹ ó gbọ́ wọ̀-wọ́, wọ̀-wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ ṣe ń yí okùn náà, wọ̀-wọ́ á máa falẹ̀, á falẹ̀, títí ohùn méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ìgbádùn yẹn kò sí lára iná gíríìnì.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń gbá èèyàn. Fork tí wọ́n ń tà fún yàrá físíìsì ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti olórin: C rẹ̀ jẹ́ 256, A rẹ̀ jẹ́ 426.6, èyí tó fi ju ìdajì ìṣísẹ̀ lọ relẹ̀ sí 440. Ti dókítà etí jẹ́ 512. Gbogbo wọn jọra lójú, wọ́n ń dán bákan náà. Ẹ ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀: A 440 ni kí ẹ mú.

Ẹ̀yin onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ pé ooru ọ̀sán ń gbé ohùn fèrè yín sókè, ó sì ń dẹ okùn gìtá. Ẹ fun ún kó gbóná kí ẹ tó wo tuner. Ẹni tó sì fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀, kó tẹ A ọ̀hún, kó gbé áàpù sí i: mo ti bá ọ̀kan pàdé tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ sórí 442. Kò bàjẹ́, ibi ìtòhùn rẹ̀ nìkan ni a wọ̀, a dá a padà.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì sí tuner náà, kí ẹ há a mọ́ gìtá tó wà nílẹ̀, kí ẹ gbé áàpù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá sọ ohun kan náà, ẹ wo nọ́ńbà. Bí olùtajà bá ní ẹ ò gbọ́dọ̀ tú u nínú páálí, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.