SPIRAL: ìbéèrè kẹta ló sọ mí di oníbàárà rẹ̀

Kí n tó mọ SPIRAL, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn ará ìlú fúnra wọn fi ń sọ ohun tó jẹ́ ìrọ̀rùn fún wọn àti ohun tí wọ́n fẹ́ máa wọ̀n, ISO 37120, òṣùwọ̀n àgbáyé fún iṣẹ́ ìlú àti ìgbé ayé àwọn ará ibẹ̀, ni mo fi ń wọn ìlú. Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Iye omi tí ẹnì kan ń lò lóòjọ́, iye ọmọ tó parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí pàǹtí ṣe pọ̀ tó: gbogbo rẹ̀ wà nínú tábìlì, ó sì rọrùn láti fi ìlú kan wé èkejì. Mi ò bá a jà. Àmọ́ tí mo bá kà á tán, nọ́ńbà ni mo rí. A ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ta ló ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹrù, ta ló kàn ń wòran? Tábìlì ò lè sọ ìyẹn fún mi.

Àjọ Council of Europe ló gbé SPIRAL kalẹ̀, Mulhouse ní ilẹ̀ Faransé sì wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ dán an wò. Ohun èlò rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju bébà pélébé àti bírò lọ. Ẹ ó kó àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu jọ, àgbà pẹ̀lú àgbà, ọ̀dọ́ pẹ̀lú ọ̀dọ́. Kí ni ìrọ̀rùn lójú yín? Kí ni ìnira? Kí lẹ̀yin fúnra yín ń ṣe, tàbí tí ẹ lè ṣe, kí ìrọ̀rùn lè wà? Oníkálukú á dá kọ tiẹ̀ kí wọ́n tó kà á síta. Lẹ́yìn náà lẹ ó da àwọn ẹgbẹ́ pọ̀, kí wọ́n jọ pinnu ohun tí ẹ ó máa wọ̀n, lórí ìpele márùn-ún, láti orí "burú gan-an" dé "dára gan-an".

Lójú tèmi, ìbéèrè kẹta ni gbogbo ọjà náà. Tó bá jẹ́ èkejì, bébà á kún tábìlì. Ta ni ò ní ẹjọ́ ìjọba láti rò? Tó bá kan ìkẹta, ilé á pa rọ́rọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo darí ìpàdé, ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní àpẹẹrẹ. Àṣìṣe gbáà! Àpẹẹrẹ mi ni wọ́n kọ padà fún mi: "gbá àyíká mọ́", bébà mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà kejì mo pa ẹnu mi mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ni obìnrin kan bá kọ ọ́ pé òun máa ń bá aládùúgbò tí ojú ń dùn ka lẹ́tà rẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n ìlú tí mo mọ̀ tó ń ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ tí obìnrin yẹn bá dáwọ́ dúró lọ́la, ẹlòmíì ni yóò já lé léjìká.

Ibi tó kù sí ni pé iṣẹ́ pọ̀. Títo àwọn bébà yẹn sí ìsọ̀rí lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èsì ìlú kan ò sì ṣeé gbé lé ti èkejì, torí oníkálukú ló ṣe òṣùwọ̀n ara rẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ mọ ipò tí ìlú òun wà láàárín àwọn yòókù, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. SPIRAL ò tún fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́: àwọn ọmọ tí a ò tíì bí ò lè wá sípàdé wá kọ bébà. Ibẹ̀ ni mo ti ń padà sí ISO 37120, kí n wo ti afẹ́fẹ́ àti pàǹtí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tó kù, bébà títò ló gbé e lọ.