Ààbò abẹ̀bẹ̀ dróònù tí mo ní kí wọ́n ṣe fún mi ní Adó-Èkìtì: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́fà

Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mo ń ṣe níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìwúyè káàkiri Èkìtì, DJI Mini 2 sì ni dróònù tí mo ń lò, ẹ̀rọ kékeré tó ní kámẹ́rà, tí abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó ń yí fi ń gbé e fò. Inú gbọ̀ngàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi ti ń wáyé, ibẹ̀ gan-an ni dróònù yìí sì ti léwu jù, nítorí pé ìsàlẹ̀ nìkan ni ojú tó fi ń ṣọ́ra rẹ̀ ń wò. Bí òpó, ògiri tàbí ènìyàn bá wà níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìgbéyàwó kan ní Ìkẹ́rẹ́, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan kọ́ aṣọ tí wọ́n fi ṣe àjà gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, ó ya aṣọ náà, dróònù sì já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí àwọn ẹbí ìyàwó jókòó sí. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò yé gbọ̀n títí tí mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé n kò ní gbé e fò láàárín èrò mọ́ láìsí ààbò lára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

DJI, ilé iṣẹ́ tó ṣe dróònù náà, fúnra wọn ṣe ààbò fún Mini 2, ṣùgbọ́n n kò rí i rà nítòsí, ni mo bá tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ ní Adó tó ní 3D printer, tó sì máa ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ohun tí ó bá fẹ́ ṣe kí ẹ̀rọ náà tó fi ike mọ ọ́n. ₦38,000 ni a jọ fẹnu kò sí fún ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Òrùka ike tó yí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká ni ààbò náà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó ṣe òrùka náà kí ó sún mọ́ abẹ̀bẹ̀ dáadáa, kí ó lè wọ inú báàgì mi. Kò gbà. Ó fi ọwọ́ kan di ara dróònù mú, ó sì fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì rọra ti apá rẹ̀ kan, mo sì fojú ara mi rí i pé apá náà tẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá kọlu ògiri, apá yìí á tẹ̀, òrùka náà á tẹ̀ wọ inú. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn kò bá ju mìlímítà méjì lọ, abẹ̀bẹ̀ á gé ohun tó yẹ kó dáàbò bò ó." Abẹ̀bẹ̀ Mini 2 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 láti ṣóńṣó kan dé èkejì, mìlímítà mẹ́jọ ló fi sílẹ̀ yí i ká. N kò mọ iyì àlàfo yẹn lọ́jọ́ náà. Òun gan-an ni mo wá ń dúpẹ́ fún lónìí.

Ohun kejì tó jọ mí lójú ni àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé òrùka náà dúró bíi sípóòkì kẹ̀kẹ́. Abẹ́ abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ tó ń gbé dróònù ròkè ń gbà jáde, nítorí náà ọ̀pá tó bá fẹ̀ pẹrẹsẹ á dínà mọ́ afẹ́fẹ́ náà, bátìrì á sì fi agbára ṣòfò. Ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀ ni pé ó ṣe wọ́n bí ọ̀bẹ tí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ dá dúró: bí a bá wò wọ́n láti òkè, wọn kò nípọn ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n jìn tó láti lágbára. Ó tún ṣàlàyé pé ìpele-ìpele ni 3D printer ń to ike lé ara wọn, bí ẹni ń mọ ògiri alámọ̀, àárín ìpele méjì ló sì máa ń là sí. Ìdí nìyẹn tó fi tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja nígbà tó ń mọ ọ́n, kí ìkọlù má baà dojú kọ oríkèé àwọn ìpele náà.

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yìí, àkọ́kọ́ tó ṣe fún mi bàjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Irú ike kan tí wọ́n ń pè ní PLA ló lò. Mo gbé wọn sí ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ̀ mi, lábẹ́ gíláàsì, mo wọlé lọ jẹ iyán lọ́sàn-án, nígbà tí mo sì padà dé, òrùka méjì ti wọ́ bí ewé tí oòrùn pa. PLA máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bíi 60°C, ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn Adó sì lè mú ohun tí oòrùn ń bà tààrà gbóná dé ibẹ̀. PETG, irú ike mìíràn, ni ó yẹ kó lò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó di nǹkan bíi 80°C kí ìyẹn tó rọ̀, kì í sì í tètè kán. Ó ká mi lára pé kò bi mí léèrè ibi tí mo ti máa ń kó ẹrù mi sí kí ó tó yan ike. Ó gbà láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó gba ₦8,000 lé e lọ́wọ́ mi, ọjọ́ mẹ́ta tó dá sì di mẹ́sàn-án.

PETG yìí ni mo ń lò di ìsinsìnyí. Mo fi òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń lò wọ̀n wọ́n, ẹ̀yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ gíráàmù 46. Dróònù tí kò wúwo ju gíráàmù 249 lọ wá di nǹkan bíi 295, ìyàtọ̀ náà sì hàn gbangba. Ìṣẹ́jú 31 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ pé ó lè fò níbi tí kò sí atẹ́gùn. Lọ́wọ́ tèmi, nǹkan bíi 24 ni mo máa ń rí kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ààbò bá wà lára rẹ̀, 17 ni mo ń rí. Ẹni tí kò bá ní ju bátìrì kan lọ ní láti ro èyí dáadáa.

Nínú gbọ̀ngàn, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Ní Adó, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá òpó nígbà tí mo ń tẹ̀lé ìyàwó tó ń jó wọlé. Ó ta padà, ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró jẹ́ẹ́ sójú afẹ́fẹ́. Ká ní kò sí ààbò ni, orí àwọn alábàárìn ìyàwó ni ì bá já sí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó yé gbogbo òbí pé òrùka ni èyí, kì í ṣe àgò tó bo abẹ̀bẹ̀ pátápátá. Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìka ọmọdé lè wọ ibẹ̀, nítorí náà n kì í jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọwọ́ tàbí sí ibi tí ọmọdé bá wà.

Ní ìta, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láti ya àwọn òkè ibẹ̀ fún ìdílé kan tó ń ṣe ìrántí bàbá wọn. Bí dróònù ṣe kọjá orí igi báyìí ni atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn òrùka náà bí ẹni ń ti ìgbòkun. Mo darí rẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi, kò fẹ́ wá; ìkìlọ̀ atẹ́gùn líle sì yọ lójú fóònù. Mo rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí àwọn igi fi ṣíji bò ó kí ó tó lè padà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré ló sì kù nínú bátìrì. N kò fi ààbò sí i rí ní gbangba láti ọjọ́ yẹn.

Níbẹ̀rẹ̀, àwòrán tún máa ń gbọ̀n díẹ̀, àfi bí ìgbà tí a ń wo nǹkan nínú omi. Ibi tí ike ti gbá apá dróònù mú ló ń dẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí gbígbọ̀n abẹ̀bẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi há ibẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Mo sọ fún oníṣẹ́ náà; ó ní òun ti fi àyè rọ́bà sínú àwòrán tuntun tí òun ń yà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ gbé dróònù gan-an lọ bá oníṣẹ́, kí ẹ sì ní kí ó fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan níṣojú yín nígbà tí ẹ bá ń ti apá rẹ̀. Ẹ dárúkọ PETG kí ẹ tó sanwó. Ọ̀kan nínú tèmi, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ti ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ọ̀pá ti pàdé òrùka, mo sì ti san owó ẹyọ kan tí yóò rọ́pò rẹ̀.