Automation, GearCity àbí BeamNG.drive: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Bó Bá Jẹ́ Ìdíje Lẹ Fẹ́ Wọ̀?

Olùkọ́ kan wà ní orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Gasmea ni wọ́n ń pè é, inú kọ̀ǹpútà ló wà, ó sì jọ Amẹ́ríkà bí ìbejì. Ọdún 1974 ni. Obìnrin yìí bí ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, mọ́tò ńlá tí wọ́n ń lò sì ń mu epo bí ìgbà tí wọ́n ń rọ omi sínú agbọ̀n. Ó fẹ́ ra òmíràn. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Kò fẹ́ èyí tí àwọn òbí ọmọléèwé rẹ̀ á fi máa rẹ́rìn-ín ẹ̀, àmọ́ kò tún fẹ́ máa tò sílé epo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ẹni tó gbé ìdíje kan kalẹ̀, níbi tí a ti ń ṣe mọ́tò nínú géèmù kọ̀ǹpútà, ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún wa, ó ní ká ṣe mọ́tò tí obìnrin náà máa rà. Ibi tó ti rí ìtàn náà kò jìnnà. Ní oṣù Kẹwàá 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo rọ̀bì kọ̀ láti ta á fún Amẹ́ríkà mọ́, nígbà tó sì máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1974, àgbá epo tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 3 ti ń sún mọ́ dọ́là 12. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì V8, oní sílíńdà mẹ́jọ àti lítà 5, ni mo gbé lọ. Bọ́dì gígùn, irin iwájú tó ń dán bí eyín ọmọge. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ya àwòrán rẹ̀ kí oòrùn lè bà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlà kan péré ni adájọ́ kọ sí i: obìnrin náà wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó béèrè iye epo tó ń jẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìpele kìíní ni wọ́n ti yọ mí dànù.

Fún ẹni tí kò tíì wọ irú ìdíje yìí rí, bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹnì kan á fọkàn dá oníbàárà kan sílẹ̀: ọdún tó wà, iye tó ní, irú ọ̀nà tó ń gbà, ohun tí kò lè gbà láéláé. Á fi òfin díẹ̀ tì í, bí irú epo tí mọ́tò gbọ́dọ̀ máa mu àti iye tí owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àwa olùdíje á ṣe mọ́tò wa, a ó fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán àti ìpolówó tí a kọ fúnra wa, torí pé ọjà tí a kò polówó, ta ni yóò rà á? Adájọ́ á wá di oníbàárà náà, á máa yẹ̀ wọ́n wò, á máa yọ èyí tí kò wù ú, títí á fi ku ẹyọ kan. Nínú èyí tó lókìkí jù, tí wọ́n ń pè ní Car Shopping Round, ẹni tó bá borí ló máa ń gbé èyí tó kàn kalẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ nídìí ẹ̀. Ẹ̀rín àti ìyangàn lásán ni.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn sì máa ń bi mí ni pé géèmù wo ni kí àwọn rà. Mẹ́ta ni orúkọ wọn máa ń wọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n mú olùkọ́ wa yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká wo bí wọ́n ṣe máa dá a lóhùn.

Automation

Camshaft Software ló ṣe é, fáìlì rẹ̀ sì ni àwọn adájọ́ ìdíje wa ń gbà. Láti 2015 ló ti wà lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n sì ṣe ń tà á ni wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ, nítorí náà ẹ má retí ilé tí wọ́n ti kùn tán. Mọ́tò tí ẹ bá ṣe níbẹ̀ lè jẹ́ ti ọdún 1946, ó lè jẹ́ ti 2020, ọdún tí ẹ bá sì mú ló máa sọ irin iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀dùn ọkàn oníbàárà tí kò ní ibi tí ẹ ti lè fọwọ́ kàn án. Epo ni olùkọ́ wa ń ráhùn lé lórí? Ẹ wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ mú sílíńdà mẹ́rin tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ jẹ́ kí ihò sílíńdà fẹ̀ tó mìlímítà 79, kí písítìnì máa rin mìlímítà 81.4, ẹ ti ní ẹ́ńjìnnì 1,596 cc, ìyẹn lítà 1.6. Ẹ fẹ́ kó tún fi epo ṣọ́ra sí i? Ẹ jẹ́ kó fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ dáadáa kó tó ṣáná sí i. Àmọ́ tí ẹ bá ṣe é jù fún epo olówó pọ́ọ́kú tí obìnrin yìí ń rà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì, géèmù á sì kì yín nílọ̀. (Kì í ṣe nọ́ọ̀kì tí mẹkáníìkì wa ń wí, tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ká lọ ra tòkúnbọ̀. Èyí ni ìró tó dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fi òkúta lu agolo nínú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́.) Káṁṣáàfù ńkọ́, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì? Ẹ mú èyí tó tutù. Agbára á tètè dé kí ẹ́ńjìnnì tó ké, mọ́tò á rọrùn láti wà nínú ìlú, á sì mu epo níwọ̀n. Eré ni kò ní í lè sá, ta ló sì bi olùkọ́ léèrè eré?

Bọ́dì náà, bí ẹni ń mọ amọ̀ ni. Ẹ máa yan ìrísí tó bá ọdún náà mu, ẹ ó fi máúsì fà á, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó wá máa to iná, ọwọ́ ìlẹ̀kùn, dígí ẹ̀gbẹ́ lé e lórí níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni òru máa ń ṣú mọ́ mi lórí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣáàsì, ìjókòó, bírékì, sípíríńgì, àti táyà, bóyá rédíálì ni tàbí ti àtijọ́. Ohun gbogbo á wá di nọ́ńbà: ìtura, ààbò, iyì, bó ṣe rọrùn tó láti wà, bí kì í ṣeé tètè bàjẹ́ tó, iye tó máa ná oníbàárà lọ́dún.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ló ń ti èèyàn ṣubú. Lórí apá kọ̀ọ̀kan mọ́tò, ọ̀pá kékeré kan wà tí ẹ lè fà láti −15 dé +15 kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dára sí i. Ẹni tuntun á fa gbogbo rẹ̀ sókè, inú rẹ̀ á máa dùn. Nígbà tó bá máa fi wo iye owó, mọ́tò olùkọ́ ti di mọ́tò ọlọ́lá. Ẹni tó borí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ mí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wágùnù kékeré ló ṣe, táyà iwájú ló ń fà á, àwọ̀ rẹ̀ dà bí gbẹ̀gìrì. Kò fi nǹkan kan kún irin dídán. Ó fi owó náà sí bírékì àti ìjókòó ẹ̀yìn, torí ó ti kà á nínú ìtàn pé ọmọ mẹ́ta ni obìnrin náà ń kó. Ọmọ mẹ́ta yẹn, èmi náà kà á. Mo kàn fò ó ni.

GearCity

Tí ẹ bá mú olùkọ́ wa débí, á pàdánù orúkọ rẹ̀. GearCity, tí Visual Entertainment And Technologies ṣe, kò mọ ẹnì kan. Ìlú ló mọ̀, àti iye èèyàn tó lè ra mọ́tò níbẹ̀. Ọdún 1900 lẹ lè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ṣe ṣáàsì, ẹ́ńjìnnì àti gíà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó kó wọn sábẹ́ bọ́dì kan, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà nìyẹn. Ibo lẹ máa kọ́ ilé iṣẹ́ sí? Ẹ̀ka títà mélòó? Ṣé ẹ máa yá owó ni àbí ẹ máa ta ìpín? Ogun àgbáyé á dé, ọjà tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé á sì tì.

Bí irú ìrònú báyìí bá wà lára yín, ẹ máa gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe gbádùn rẹ̀ lọ. Ẹ wo Peugeot 504 tí gbogbo wa mọ̀. Ilẹ̀ Faransé ló ti jáde ní 1968, nígbà tó sì di 1975 wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná, ọdún kan náà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó. Ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló lè mú kí ilé iṣẹ́ kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ la òkun kọjá, GearCity ló máa jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò náà.

Ṣùgbọ́n fún ìdíje tí à ń sọ, kò bá a mu. Fáìlì rẹ̀ kọ́ ni àwọn adájọ́ ń gbà. Ojú rẹ̀ náà kò fani mọ́ra: tábìlì, gíráàfù, bọ́tìnnì lórí bọ́tìnnì. Àǹfààní rẹ̀ kan ni pé láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára lè gbé e, kì í ṣe Windows nìkan ló sì wà fún.

BeamNG.drive

Ìlú Bremen ní Jámánì ni ilé iṣẹ́ tó ṣe èyí wà, 2015 náà ló sì dé orí Steam. Níbí, olùkọ́ wa kò ní ẹni tó máa ṣe mọ́tò tuntun fún un. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ ni, tí orúkọ wọn jẹ́ àròsọ, bíi Gavril àti Ibishu. Ẹ lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, táyà, sípíríńgì, àmọ́ ẹ kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí irin tútù.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé irin níbẹ̀ ń ṣe bí irin. Ìgbà 2,000 ni ó ń ṣírò ara mọ́tò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà tí ẹ bá gbá ògiri, ibi tó yẹ kó tẹ̀ ló máa tẹ̀. Láti 2018 lẹ sì ti lè gbé mọ́tò tí ẹ ṣe nínú Automation wọ ibẹ̀ kí ẹ wà á. Mo gbé V8 mi yẹn lọ lẹ́yìn tí wọ́n lé mi. Ní kọ́nà kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ gbà iwájú lọ́wọ́ mi, mo sì rí i pé ojú rere ni olùkọ́ fi bá mi lò nígbà tó bi mí léèrè epo nìkan.

Ẹ̀kọ́ tó dáa ni, àmọ́ àfikún ni. Mo ti rí ẹni tó kọ́kọ́ ra BeamNG torí fídíò ìjàm̀bá tó wò, tó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló ń tọrọ owó Automation.

Kọ̀ǹpútà, dátà, owó

Automation fẹ́ Windows àti káàdì àwòrán tó múná. BeamNG tún fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àgàgà tí mọ́tò bá ti pọ̀ lójú ọ̀nà; ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń jẹ. Àwọn méjèèjì tóbi, kí ẹ tó dáwọ́ lé e, ẹ wo iye gígábáìtì tí Steam kọ sábẹ́ wọn, kí ẹ fi wé dátà yín. GearCity kéré sí wọn dáadáa. Tí ẹ bá wà nílé tiwa, ẹ máa fi iṣẹ́ yín pamọ́ lóòrèkóòrè, iná kì í dágbére kó tó lọ.

Steam kò ní iye owó ní náírà, ẹ rí i dájú pé káàdì yín ń sanwó ní dọ́là. Ẹ má kánjú rà á, ẹ dúró de àkókò tí Steam máa ń gé owó ọjà.

Bí ẹ bá bi mí, ẹni tó fẹ́ wọ ìdíje kò ní ohun mìíràn tó máa kọ́kọ́ rà ju Automation lọ. Owó BeamNG lè dúró dìgbà tí ẹ bá ti ṣe mọ́tò tó wù yín wà. GearCity, tẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò lè gbé àwọn yòókù ni, tàbí tẹni tí ìṣirò ń dùn mọ́.

Ohun kan ṣoṣo kù. Steam á dá owó yín padà tí kò bá tíì ju ọjọ́ 14 lọ tí ẹ ra géèmù, tí ẹ kò sì tíì lò ó tó wákàtí méjì. Nínú Automation, wákàtí méjì kì í pẹ́ parí. Ẹ má fi to iná lé bọ́dì bí mo ṣe ṣe. Ẹ wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ tààrà, kí ẹ gbìyànjú láti ṣe lítà 1.6 fún olùkọ́ tó ní ọmọ mẹ́ta, pẹ̀lú epo olówó pọ́ọ́kú, láìjẹ́ kó nọ́ọ̀kì. Tó bá sú yín kí aago tó lù, ẹ gba owó yín.