Pákó àbí gypsum board? Ohun tójú mi rí lára ògiri pálọ̀ wa

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Ìbàdàn, pálọ̀ wa gùn gbọọrọ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ mẹ́ta sì há sí yàrá kan ṣoṣo. Mo ní ká kúkú mọ ògiri dá pálọ̀ sí méjì. Bíríkìlà tá a pè wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè, ó ní màdáámù, kò sí bíìmù tó máa gbé ògiri lábẹ́ ibi tẹ́ ẹ nàka sí yìí o, tẹ́ ẹ bá ń kó búlọ́ọ̀kù lé dẹ́kìn yìí, èmi ò sí ńbẹ̀. Bó ṣe ku pákó àti gypsum board nìyẹn, ìyẹn bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gypsum, ohun funfun bíi ẹfun, ṣe, èyí táwọn oníPOP tó ń ṣe síìlìn ń pè ní bọ́ọ̀dù funfun. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bá méjèèjì gbé.

Pákó lọkọ mi fẹ́. Káfíńtà ni bàbá tó bí i, ní tiẹ̀, ohun tí ò bá ti ṣeé kan ìṣó mọ́ kì í ṣe ògiri. Èmi ní tèmi, ikán ló ń bà mí lẹ́rù, torí nílé tá a gbé tẹ́lẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́dúróòbù wa dúró dáadáa lójú, àfi ọjọ́ tí mo fọwọ́ tì í tí ọwọ́ mi wọlé bí ẹni tọwọ́ bọ àkàrà, ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán. A fà á lọ fà á bọ̀, a wá fi bọ́ọ̀dù dá pálọ̀ sí méjì, a fi pákó bo ògiri ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti bọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀, 8 ní gígùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, oní 12mm la rà, oní 9mm tí wọ́n ń lò fún síìlìn fẹ́lẹ́ jù fún ògiri tọ́mọ á máa fara gbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ìkan náà ni. Wọ́n to irin fúyẹ́fúyẹ́ nàró, wọ́n fi screw de bọ́ọ̀dù mọ́ ọn lójú méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti ń gé e ló dùn mọ́ mi jù: kò sí ayùn, kò sí ariwo, ọ̀gbẹ́ni oníPOP tá a pè kàn fi rẹ́sà fa ìlà lójú pépà ẹ̀, ó fi orúnkún tì í láti ẹ̀yìn, ó dún pó, ó ṣẹ́ lórí ìlà yẹn gan-an, ó wá fi rẹ́sà gé pépà ẹ̀yìn tó kù. Ọjọ́ kan àtààbọ̀, ògiri ti dúró.

Ibi oríkèé ló ti bà á jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan náà yìí po POP, ó fi dí ojú ibi tí bọ́ọ̀dù méjì ti pàdé, kò lẹ tape kankan mọ́ ọn, mo bi í ó ní "mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti di òkúta." Oṣù méjì lẹ́yìn tá a kun pẹ́ńtì tán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti yọ látòkè délẹ̀, èèyàn lè ka iye bọ́ọ̀dù tá a lò láti orí àga. Mo pè é, fóònù ò lọ mọ́. Ẹlòmíì ló wá ha gbogbo ẹ̀ kúrò, ó lẹ tape onínẹ́ẹ̀tì, ó fi joint compound, ìyẹn ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí oríkèé bọ́ọ̀dù, kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń jẹ́ kí ìkan gbẹ kó tó kun òmíì, kò sì tíì sán dòní. Ṣùgbọ́n eruku ọjọ́ tó fi sáńpépà ha á, háà! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń nu funfun kúrò lórí abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tá a tì pa.

Ti pákó, ẹ̀bi èmi gan-an wà ńbẹ̀. Ọjà pákó Bódìjà la ti lọ rà á. Arère ló wọ́n kéré jù, ó fúyẹ́, ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni, ìrókò la mú, owó ẹ̀ sì dùn wá wọ egungun. Káfíńtà gbé ìkan nínú ẹ̀ sọ́wọ́, ó ní ó wúwo jù, omi ṣì wà nínú ẹ̀, ká tò ó sínú ilé ká fi igi kéékèèké sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbà á, ó kéré tán oṣù méjì. Oṣù kẹjọ nìyẹn, òjò ń rọ̀, àlejò ń bọ̀, mo ní kó kàn án. Ọyẹ́ dé lóṣù Kejìlá, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í dún pà, pà lóru, àwa rò pé olè ni, ilẹ̀ mọ́ a rí i pé àárín wọn ti ya, ìka ọmọ lè wọ ibẹ̀. Tójò bá dé á tún wú díẹ̀, kì í pa dé tán. Ó ṣì rẹwà ṣá, mi ò ní purọ́, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i, àlejò á dákẹ́ máa wò ó.

Tẹlifíṣọ̀n wà lára pákó, kò mì rí. Lára bọ́ọ̀dù, fọ́tò ìgbéyàwó wa já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé wa pé inú irin ẹ̀yìn ni screw gbọ́dọ̀ wọ̀. Àbígbẹ̀yìn wa fi kẹ̀kẹ́ kọlù ú, ihò ràbàtà, wọ́n gé ibẹ̀ ní ìgun mẹ́rin, wọ́n fi bọ́ọ̀dù kékeré pa á, ọ̀sán kan ni. Ká ní pákó ló là bẹ́ẹ̀, ǹ bá máa wò ó bẹ́ẹ̀ ni. Ariwo àwọn ọmọ ò pọ̀ torí a ki wúlù tó ń gba ariwo mọ́ra sáàárín bọ́ọ̀dù méjèèjì kí wọ́n tó dé e, ẹ má fi owó yẹn pa mọ́.

Ti iná, bọ́ọ̀dù gbayì gan-an: omi wà nínú gypsum fúnra ẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹ̀, iná á kọ́kọ́ sọ omi yẹn di oru kó tó lè kọjá. Ṣùgbọ́n omi mọ́ọ̀pù lọ̀tá ẹ̀, ìsàlẹ̀ ibi tó kanlẹ̀ ti wú, ó dúdú, ó ń rùn. Èmi tí mo sì ń sá fún ikán, pépà ni wọ́n fi bo bọ́ọ̀dù, ikán ò mọ ìyàtọ̀. A gé ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, a fi ìrókò tó ṣẹ́ kù bò ó dé orúnkún, ibẹ̀ ló wá dára jù nínú gbogbo ilé, ọkọ mi sì ń sọ fáwọn èèyàn pé òun ló ronú ẹ̀.

Yàrá ìyá mi nísàlẹ̀ ló kàn. Bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé tó máa ń fara da ọ̀rinrin díẹ̀ ni mo fẹ́ fún òkè, pákó fún ìsàlẹ̀. Pákó ọ̀hún wà lábẹ́ àtẹ̀gùn láti oṣù kẹta, káfíńtà ń pè mí lójoojúmọ́ pé ṣé kóun máa bọ̀, mo ní kó ṣì dúró.