CB rédíò, fóònù àbí GMRS: èwo ló yẹ kí dírẹ́bà rà l'Amẹ́ríkà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wa tírélà l'Amẹ́ríkà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn máa ń wakọ̀ láti Houston lọ sí Atlanta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí: kí la fẹ́ fi CB, ìyẹn rédíò táwọn dírẹ́bà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ṣe nígbà tí Waze, áàpù tó ń júwe ọ̀nà, wà nínú fóònù wa? Tèmi ni pé ọ̀nà tẹ́ ẹ ń rìn ló máa sọ bóyá kẹ́ ẹ rà á, tẹ́ ẹ bá sì máa rà á, orí áńtẹ́nà ni kẹ́ ẹ náwó sí ju rédíò fúnra ẹ̀ lọ.

Fóònù àti CB

Nínú ìlú, fóònù ló borí, ká má parọ́. Ó ń júwe ọ̀nà, ó ń sọ ibi tí gó-sílò wà, á tún bá yín wá ibòmíì gbà, CB fúnra ẹ̀ ò lè ṣe ìkankan nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di márosẹ̀, ìlà pupa ni fóònù máa fi hàn yín lọ́pọ̀ ìgbà, á wá ku ẹni tó máa sọ fún yín pé tírélà kan ló ṣubú, pé lénì ọ̀tún ni wọ́n dí, kẹ́ ẹ tètè bọ́ sí tòsì kó tó di pé àwọn èèyàn ò ní gbà yín láyè mọ́. Dírẹ́bà tó ń bọ̀ lódìkejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú ara ẹ̀ rí i ló máa sọ ìyẹn lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 19 ti CB, níbi táwọn onítírélà ti ń sọ̀rọ̀, ẹ sì lè bi í ní ìbéèrè, á dá yín lóhùn kó tó jìnnà.

Nẹ́tíwọ̀kì náà tún ńkọ́? Ẹ gba US-50 ní Nevada kẹ́ ẹ wò ó, tàbí àwọn ibì kan ní Wyoming nígbà tí snow bá ń já, tí atẹ́gùn ń ti tírélà. CB ò nílò òpó nẹ́tíwọ̀kì kankan, ó ń ti inú rédíò kan bọ́ sí òmíì ni, kò sì sí owó oṣù.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Láti January 2012 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ò gbọ́dọ̀ máa di fóònù mú tó bá ń wakọ̀, nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó $2,750. Máìkì CB ò sí nínú ìyẹn, àmọ́ ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbà kọjá.

Ibi tí CB ti ń bí èèyàn nínú: ó ń pariwo, ẹ lè rin ọ̀pọ̀ máìlì kẹ́ ẹ má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni torí dírẹ́bà tó ń lò ó ti dín kù, tẹ́ ẹ bá sì wá gbọ́, nígbà míì ìsọkúsọ ni. Tí ọmọ bá wà nínú mọ́tò, ẹ yáa yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ṣánẹ́ẹ̀lì 9 ni ti pàjáwìrì, ṣùgbọ́n orí 19 lèmi máa kọ́kọ́ ké sí torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wà.

GMRS àti FRS ńkọ́?

Tó bá jẹ́ mọ́tò méjì mẹ́ta lẹ fẹ́ kó jáde láti Maryland lọ sí òde ìgbéyàwó ní Atlanta, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ máa bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ gbàgbé CB, ẹ lo FRS tàbí GMRS, ìyẹn rédíò míì tẹ́ ẹ lè fi máa bá ara yín sọ̀rọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò. FRS ni rédíò ọlọ́wọ́ kékeré yẹn, agbára ẹ̀ ò lè ju 2 wátì lọ, ẹ ò gba láísẹ́ńsì, ẹ ò sì lè pààrọ̀ áńtẹ́nà ẹ̀. GMRS gba láísẹ́ńsì o, $35 fún ọdún 10, kò sí ìdánwò, gbogbo ìdílé ló sì lè lo ẹyọ kan náà. Ó lè dé 50 wátì, ohùn ẹ̀ mọ́ gaara torí FM ni. Àmọ́ àwọn onítírélà ò sí ńbẹ̀, torí náà ẹ má retí ìròyìn ọ̀nà níbẹ̀.

Èwo nínú CB?

4 wátì ni òfin gbà láàyè lórí AM, Cobra tàbí Uniden ni o, torí náà kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé tòun lágbára jù. Cobra 29 LTD Classic rọrùn, bọ́tìnì ẹ̀ tóbi, ẹ̀rọ tó ń wọn SWR, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá áńtẹ́nà bá rédíò mu, wà lára ẹ̀. Uniden Bearcat 980 ní SSB, ọ̀nà míì tí CB fi ń gbé ohùn yàtọ̀ sí AM, tó dé 12 wátì, ó tún ń gba ìròyìn ojú ọjọ́ NOAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, ìyẹn wúlò gan-an níbi tí ìjì tornado ti ń jà. SSB yẹn? Àwọn tó fẹ́ fi rédíò ṣeré ló wà fún, AM ni wọ́n ń sọ lórí 19. CB ọlọ́wọ́ kékeré, tèmi ò sí ńbẹ̀, áńtẹ́nà kúkurú nínú mọ́tò onírin ò lè gbé ọ̀rọ̀ dé ibì kankan.

Áńtẹ́nà wá ni gbogbo ẹ̀. Èyí tó gùn dáadáa jẹ́ 102 íǹṣì, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sórí Camry? Ẹ ra oní-mágnẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ gbé e sáàárín òrùlé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irin ni òrùlé yín, torí Ford F-150 láti ti ọdún 2015 jẹ́ alumíníọ̀mù, mágnẹ́ẹ̀tì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Tírélà tí orí ẹ̀ jẹ́ fiberglass, ara dígí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń gbé e sí.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ra linear, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún rédíò, tó máa sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún wátì, ẹ ní rárá, òfin ò gbà á. Ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè ni kí wọ́n wọn SWR lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 19 àti 40 lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá wà lábẹ́ 1.5 ó dáa, tó bá ti ń lọ sí 3 ẹ má tẹ máìkì yẹn, rédíò tuntun yín lè jóná.