Ọtí Port: ẹ má parí ìrìn yín sí Gaia

Ọjọ́ méjì tí mo kọ́kọ́ lò ní Porto, ìlú kan ní Portugal, ilé àgbá ní Vila Nova de Gaia, ní òdìkejì odò, ni mo ń wọ̀ kiri, tí mò ń tọ́ Port, ọtí àjàrà ilẹ̀ náà, wò. Ó dára, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọtí sí nìyẹn. Títí di ọdún 1986, òfin ni pé kí Port tó ń lọ sókè òkun gba Gaia kọjá. Ibi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà rẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ẹ wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ São Bento ní Porto, kí ẹ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ìlú Régua dé Pinhão, odò Douro kò ní kúrò lójú yín. Òkúta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni gbogbo òkè ibẹ̀; àwọn àgbẹ̀ fọ́ ọ, wọ́n fi mọ ògiri ní ìpele-ìpele láti etí omi lọ sókè. Àárín òkúta ni gbòǹgbò àjàrà ń gbà wá omi lọ.

Ìpele mìíràn wà tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró, tí igbó ti bò ó. Mortórios ni wọ́n ń pè é. Kòkòrò phylloxera tó wọlé ní àwọn ọdún 1860 ló jẹ gbòǹgbò ibẹ̀ run, ẹnikẹ́ni kò sì tún un gbìn mọ́. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ní oko kékeré kan, wọ́n fi kòtò tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ tẹ àjàrà hàn wá. Kí adùn rẹ̀ tó di ọtí tán ni wọ́n ti ń da ọtí líle sí i, ni híhó rẹ̀ á bá dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn, tó tún le. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ń fi èso mìíràn pa ọtí náà láró, Marquês de Pombal, mínísítà ọba Portugal, pa ààlà fún ilẹ̀ náà ní 1756, ó ri òkúta mọ́ ọn.

Wọ́n bu tawny, ìyẹn Port tó pẹ́ nínú àgbá, ọlọ́dún 20 fún mi. Èmi tí mo dàgbà nídìí ẹmu, tí kì í pẹ́ kan, mo gbé ife náà dání pẹ́ kí n tó mu ún. Ó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn gbígbẹ, adùn rẹ̀ kò sì sú mi.

Ọkọ̀ ojú omi tí mo wọ̀ lọ́sàn-án nìkan ni n kò gbádùn. Orin ni wọ́n ń lù. Wọn ò sọ fún wa pé kí wọ́n tó sé odò náà, omi tó ń ru gùdù ni ọkọ̀ rabelo ń gbé àgbá ọtí gbà kọjá, tó sì ń gba ẹ̀mí àwọn atukọ̀.

Bí mo bá tún lọ, oṣù Kẹsàn-án ni, nígbà ìkórè, oko náà ni màá sì sùn.