Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra detector góòlù: bọ́tìnnì fíríkúẹ́ńsì tí kò so mọ́ nǹkan kan

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni lórí detector, ìyẹn ẹ̀rọ awá-góòlù. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan dá owó jọ, a sì ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ọjà òkèèrè lòun ń tà. Bọ́tìnnì kan tí à ń yí wà lórí rẹ̀, wọ́n kọ 5, 15 àti 45 kHz sí i. Oníṣòwò náà ní bí a bá ti yí i sí 45, góòlù nìkan ni yóò máa ké fún, kódà bí góòlù náà bá wà ní 30 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Irọ́ náà ti hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí a tó tan ẹ̀rọ rárá. Àwa ni a kò mọ̀. Fíríkúẹ́ńsì ni iye ìgbà tí ìgbì tí ẹ̀rọ ń rán sínú ilẹ̀ ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí 5 kHz sì jẹ́ ìgbà 5,000. Èyí tó kéré máa ń wọlẹ̀ jìn díẹ̀, ó sì dára fún fàdákà, bàbà àti ohun ńlá. Èyí tó ga ló máa ń gbọ́ ẹ̀rún góòlù wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kì í wọlẹ̀ jìn, ilẹ̀ pupa tó kún fún irin, irú èyí tó wà lọ́nà Ìtagunmọ́dì, sì máa ń mú kí ó pariwo lásán. Nítorí náà, ẹni tó bá ní fíríkúẹ́ńsì gíga ni yóò bá yín dé ìsàlẹ̀ jíjìn ti yí ọ̀rọ̀ sódì. Kò sì sí èyí tó jẹ́ ti góòlù nìkan: bébà dídán inú páálí sìgá lè dún létí ẹ̀rọ bíi góòlù gan-an.

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀rún góòlù kan tó tó hóró ìrẹsì mọ́ páálí, ó gbé e sábẹ́ kọ́ìlì (apá ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì sínú ilẹ̀), kò ju ìbú ìka méjì lọ sí i. Ẹ̀rọ kò fọhùn ní 5. A ní ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fọhùn ní 15, kò fọhùn ní 45. A fi ìdérí ìgò rọ́pò rẹ̀, ó ké bákan náà ní ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà tí a tú u, a rí i pé ìdí bọ́tìnnì náà ṣófo, kò sí wáyà kan ṣoṣo tó so mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kó góòlù rẹ̀ sápò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.

Ọ̀pá eríàlì tí wọ́n ní ó ń nawọ́ sí góòlù láti ọ̀nà jíjìn tún burú ju tiwa lọ. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán James McCormick lẹ́wọ̀n ọdún 10 nítorí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ADE 651, tó tà fún ìjọba Ìráàkì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ awá-bọ́ǹbù.

Ẹ mú ẹ̀rún góòlù tiyín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì dán an wò ní gbogbo ojú bọ́tìnnì, níta, níbi tó jìnnà sí fóònù àti wáyà iná, kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é bóyá nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oníṣòwò tiwa dáhùn ìpè wa láti ìgbà náà: ó ní ilẹ̀ wa ni kò ní góòlù.